Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó: Àyẹ̀wò Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní Ìbánisọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Nínú iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn.

Ní alẹ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, 1986, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Morton Thiokol ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí ọkọ̀ sánmà Challenger má gbéra nínú òtútù. Àwọn ọ̀gá wọn yí ìmọ̀ràn náà padà. Ní ọjọ́ kejì, ènìyàn méje kú. Edward Tufte (1997) ṣàlàyé pé àwọn àtẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò fi òtútù àti ìbàjẹ́ òrùka rọ́bà hàn pọ̀ lójú kan. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò gbọ́. Ètò ẹ̀rí ni ó mẹ́hẹ.

Ojú yìí ni a fi wo GST 111, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìlànà tí NUC gbé jáde ní 2022. Ìró èdè, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, gbólóhùn àti ìwé kíkọ wà nínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀kan náà ni fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ti ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe lè ṣàìmọ bí a ti ń kọ ìjábọ̀ lórí afárá tí ó lanu.

Lójú tiwa, ó yẹ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ jọ máa máàkì irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì tún ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún bíríkìlà ní èdè Yorùbá, nítorí òun ni yóò po kọnkéré. Bí kò bá yé e, àwọn tí yóò gbé inú ilé ni yóò jìyà rẹ̀.