Ìkarahun Tí A Dá Padà Sómi

Omi odò Ouémé tó ń kọjá ní Bétérou, ní agbègbè Tchaourou, kò dúró síbẹ̀. Gúúsù ló ń lọ, títí yóò fi já sí adágún Nokoué lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cotonou, níbi tó ti ń pàdé omi òkun. Bí òjò bá pọ̀ lókè ní Bétérou, iyọ̀ adágún náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ́ísítà, ẹ̀dá oníkarahun inú rẹ̀, á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọmọ ọ́ísítà ni mo ń ṣe sàdáńkátà fún. Kò tó orí abẹ́rẹ́. Á lúwẹ̀ẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á wá ilé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yàn án: bó bá ti fi àtè ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó di ọjọ́ ikú. Kí ló ń tọ́ ọ sọ́nà? Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tamburri, Zimmer-Faust àti ẹnìkẹta wọn fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn ègé purotéènì kéékèèké tó ń tú sómi láti ara ọ́ísítà àgbà wà lára ohun tó ń tọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́ òórùn ará ilé, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yin àwọn obìnrin tó ń ṣa ọ́ísítà nínú ẹgbẹ́ TRY ní Gáńbíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007. Wọn ò gé gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tí ọ́ísítà ń lẹ̀ mọ́ mọ́. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń so ìkarahun rọ̀ sómi kí ọmọ ọ́ísítà lè rí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣa ọ́ísítà ní Cotonou àti Ouidah, ẹ má da gbogbo ìkarahun sórí ààtàn. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ dá díẹ̀ padà sómi.