Ìfojúsọ́nà Ló Ń Yàwòrán: Lámèyítọ́ lórí Ìgbéjáde Tulpa

Ẹni tó bá ń ṣe tulpa ń fi ìrònú dá ẹnìkan sínú ara rẹ̀, ẹni tó ní ìrísí, ohùn àti ìwà tirẹ̀, tí ẹni tó dá a sì gbà pé ó ń dá ronú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí, méjì ló jẹ mọ́ ojú. Ọ̀kan ni fífi ojú inú wo ẹni náà títí ìrísí rẹ̀ yóò fi dúró láìyẹ̀. Èkejì, tí n ó máa pè ní ìgbéjáde, ni kí ojú gan-an là sílẹ̀ kó sì rí i nínú yàrá, lórí àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bí ẹni tó yà wá kíni. Àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ka méjèèjì sí: kí àwòrán inú kọ́kọ́ mọ́ kedere, bó bá mọ́ tán, ìgbéjáde á tẹ̀ lé e. Èrò tèmi ni pé wọ́n dorí àtẹ̀gùn náà kodò. Ìfojúsọ́nà ni iṣẹ́ yìí ń tọ́ dàgbà ju ojú lọ. Bí àwòrán bá wá mọ́, èso rẹ̀ ni.

Láti Tibet ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nínú ẹ̀sìn Búdà níbẹ̀, ó jẹ mọ́ ara tí ẹni tó ti dé ipò Búdà lè gbé wọ̀ láti ran àwọn ẹ̀dá lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tí ènìyàn ń dá fún ara rẹ̀ nínú ìyẹ̀wù. Alexandra David-Néel, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé e dé etí àwọn ará Yúróòpù nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1929. Ó ní òun dá ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé kan, kúkúrú, sísanra, ọlọ́yàyà. Pé oṣù mélòó kan ni òun fi pọkàn pọ̀ kó tó hàn. Pé nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ojú rẹ̀ sì di ti ẹlẹ́tàn tó ń fini ṣẹ̀sín. Pé oṣù mẹ́fà gbáko ni òun fi tú u ká. Ó tún ní darandaran kan tó gbé bọ́tà wá rí i nínú àgọ́, ó ṣe bí ènìyàn gidi ni. Ti darandaran yìí ni n kò lè kà sí ẹ̀rí, nítorí ẹnu ẹnìkan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ. Natasha Mikles àti Joseph Laycock, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀sìn, sì ti ṣàlàyé ní 2015 pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Theosophy, ẹgbẹ́ awo kan ní Ìwọ̀-Oòrùn, hàn nínú rẹ̀ ju ọwọ́ Tibet lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ ná.

Ẹ wo ìdánrawò kan bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ènìyàn á gbé ọsàn kan sórí tábìlì, á tẹjú mọ́ ọn, á dijú, á máa tún un tò lọ́kàn: àwọ̀ rẹ̀, ihò wínníwínní ara èèpo, ojú ibi tó ti já kúrò lára igi, òórùn rẹ̀, bó ṣe wúwo tó ní àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà á gbé ọsàn gidi kúrò, á lajú, á sì gbìyànjú láti fi ti inú dí ààyè rẹ̀. Títí dé ibi yìí, ojú inú ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá wá di odindi ènìyàn, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn àga, àga gbọ́dọ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá yí orí díẹ̀, ejìká rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún lára ògiri ní ìwọ̀n tó yẹ. Bí iná bá wà lápá òsì, ọ̀tún ni òjìji rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ta ló lè máa ṣírò gbogbo èyí bí ayàwòrán, kó tún máa bá àlejò náà fọ̀rọ̀ wérọ̀? Ẹni tó bá ṣe é yọrí ti gbà ná pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ọpọlọ ló bá a parí ìyókù, gẹ́gẹ́ bó ti ń bá wa parí ara ajá tí a rí ìrù rẹ̀ nìkan lẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀rí tó ti èyí lẹ́yìn ti pẹ́. Ní 1910, ní Yunifásítì Cornell, Cheves West Perky ní kí àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ gíláàsì kan kí wọ́n máa fojú inú wo ọ̀gẹ̀dẹ̀, tòmátì, ọsàn tàbí ìwé. Wọn kò mọ̀ pé ó ń tan àwòrán bàìbàì ti nǹkan wọ̀nyí láti ẹ̀yìn gíláàsì náà. Wọ́n gba àwòrán gidi bí èyí tí ọkàn àwọn dá. Àwọn kan tilẹ̀ ṣe kàyéfì pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn rò pé àwọn tẹ́ sílẹ̀ ló nàró yìí, síbẹ̀ wọn kò fura. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa retí ló sọ ohun tí ojú wọn rí di ìrònú. Ní 2017, Albert Powers, Philip Corlett àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yale gba òdìkejì ọ̀nà náà. Wọ́n ń fi àwòrán onígun dúdú àti funfun han ènìyàn pẹ̀lú ìró kan, títí méjèèjì fi mọ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n wá yọ ìró náà kúrò, àwọn ènìyàn ṣì ń ní àwọn gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fetí inú gbọ́ nǹkan. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. A lè fi etí kún òwe náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ Olaf Blanke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lausanne, ní 2014. Wọ́n di ènìyàn lójú, wọ́n ní kó máa na ọwọ́ síwájú, rọ́bọ́ọ̀tì á sì máa fọwọ́ kàn án lẹ́yìn bó ṣe ń nawọ́. Bí méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́, á dà bíi pé ó ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí ìfọwọ́kàn náà bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ lẹ́yìn, àwọn kan á ní ẹnìkan dúró lẹ́yìn àwọn. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ojú tilẹ̀ dí, ẹnìkan sì ti dé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹni tí kò lè fojú inú rí ohunkóhun, irú àwọn tí Francis Galton ti kíyè sí ní 1880 tí Adam Zeman sì fún ipò wọn lórúkọ ní 2015, kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń lé kúrò ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

Àtakò tó lágbára jù wá láti inú ìwádìí. Tanya Luhrmann, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Stanford, ní kí àwọn Kristẹni kan máa lo ìdajì wákàtí lójúmọ́, fún bí oṣù kan, láti fojú inú wọ inú ìtàn Bíbélì, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbọ́ àlàyé olùkọ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó fojú inú ṣiṣẹ́ ní àwòrán ọkàn àwọn mọ́ sí i, wọ́n sì ròyìn ìrírí àrà ọ̀tọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní 2023, Nadine Dijkstra àti Stephen Fleming ní London tún fi kún un pé ọpọlọ a máa da ohun tí a rí pọ̀ mọ́ ohun tí a rò, àti pé bí agbára àpapọ̀ wọn bá ti kọjá ibodè kan, a ó ní òótọ́ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀: àwòrán tó lágbára a máa sún mọ́ ibodè. Àmọ́ ta ló ń pinnu ibi tí ibodè náà yóò wà? Àwọn tí Luhrmann bá ṣiṣẹ́ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Ẹnìkan wà tó ń dáhùn, wọ́n sì jókòó de ìdáhùn. Bí mímọ́ àwòrán bá tó fúnra rẹ̀, ilé àwọn ayàwòrán àti àwọn tó ń ya púláànù ilé ni ìbá kún fún àlejò.

Àwọn kan á ní ẹ̀tàn ara ẹni lásán ni gbogbo rẹ̀. Marjorie Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi 50 òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ léèrè nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ní ẹ̀dá ìtàn àwọn ti dá sọ̀rọ̀ tàbí dá hùwà rí láìgbàṣẹ. A kì í pe ìyẹn ní ẹ̀tàn, níwọ̀n ìgbà tí òǹkọ̀wé bá mọ ẹni tó mú kálàmù.

Ti àìsàn ló gba ìfarabalẹ̀. Àwọn ará Yale yẹn fi àwọn tó ń gbọ́ ohùn nítorí àìsàn ọpọlọ wé àwọn tó ń gbọ́ ọ láìsí àìsàn. Méjèèjì ló gbọ́ ìró tí kò sí ju àwọn tí kì í gbọ́ ohùn lọ. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé àwọn aláìsàn ló ṣòro fún láti gbà pé ìró náà ti lọ. Bó bá jẹ́ ìfojúsọ́nà ni iṣẹ́ tulpa ń tọ́, a jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe lè tú u sílẹ̀ la ó fi mọ bó ti mọ̀ ọ́n tó. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Tibet kò fi èyí ṣeré: wọn a fojú inú gbé òrìṣà kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, ọ̀ṣọ́ àti ohun tó dì mọ́wọ́, wọn a sì tú u ká padà sínú òfìfo kí wọ́n tó dìde. Àwọn tó ń ṣe tulpa lóde òní máa ń sá fún títú, nítorí wọ́n kà á sí pípa ẹni tó ti ní ẹ̀mí tirẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àníyàn wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni náà. Ènìyàn lè ní kí àlejò rẹ̀ dìde lórí àga láìlé e kúrò nílé, kó sì wo àga náà ní àga lásán, tìmùtìmù tó ti ṣá, ẹsẹ̀ kan tó ń mì. Ìdánrawò yìí ni ìbá ṣáájú ti ọsàn orí tábìlì. David-Néel kò kọ́ ọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà tó fi bá ajẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ̀yá ìjà ni owó ẹ̀kọ́ tó san.