Àjùmọ̀pín Ìmọ̀ nínú Ìwádìí Orin Ẹ̀fẹ̀ ní Agbègbè Yewa

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni bí àwọn aṣèwádìí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń pín ohun tí wọ́n rí pẹ̀lú ara wọn, àti pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ni orin náà. Agbègbè tí a ní lọ́kàn ni ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ẹ̀gbádò kí a tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yewa ní 1995: Ìlaròó, Ayétòrò àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, títí dé Ìmẹ̀kọ, tí òun àti Kétu jọ ń wo ara wọn láti ìhà méjèèjì ẹnubodè. A kò fẹ́ fi iṣẹ́ yìí tún ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ. Àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe èyí. A kò sì fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò: bí aṣèwádìí kan bá sọ fún wa pé báyìí ni orin Ẹ̀fẹ̀ wí, ọ̀nà wo ni a ó gbà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wí?

Lójú tiwa, àlàyé tí a kò lè rí orin tí a gbé e kà lódidi, pẹ̀lú ìlú tí a ti kọ ọ́ àti ọdún tí a kọ ọ́, ìdajì ìmọ̀ ni, bí ó ti wù kí ọgbọ́n inú àlàyé náà jinlẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kàwé gboyè kejì àti ìkẹta ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé orí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni a ń kọ́ tiwa lé.

2. Ẹ̀fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìpín-ìmọ̀-kiri

Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ojú ọjà sì ni agbo rẹ̀. Ọ̀sán ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí gbogbo ayé mọ ijó àti ère orí rẹ̀. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ a júbà, a wúre fún ìlú, lẹ́yìn náà ni yóò wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀: olè jíjà, àgbèrè, ìwà ìrẹ́jẹ, owó orí, ìdìbò, ọ̀wọ́n oúnjẹ. Àṣà ti fún un láṣẹ láti sọ ní gbangba ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ní ìyẹ̀wù.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kíyè sí nínú ètò yìí. Èkíní ni pé ìkọ̀kọ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí akọrin àti àwọn elégbè rẹ̀ bá ń kọ́ orin tuntun, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó ń bá wọn wí, nítorí pé gbogbo ìlú mọ̀ pé orin náà ń bọ̀ wá sí ojú ọjà. Èkejì ni pé gbangba ni ó ń fi ẹni tí ó ni orin hàn. Bí orin bá ti jáde lẹ́nu akọrin lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ta ni yóò tún wí pé òun ni òun kọ́kọ́ kọ ọ́? Orin tí a fi pamọ́ sínú ni olè lè jí gbé láìsí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹta ni pé olùgbọ́ kì í ṣe òǹwòran lásán. Ó ń gbe orin. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ wà ní ìdúró láàrin agbo. Bí akọrin bá parọ́, iwájú àwọn tí wọ́n mọ òtítọ́ ni ó ti pa á. Nípa bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀wò ọ̀rọ̀ ti wà nínú ìṣeré náà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wé iṣẹ́ tiwa. Aṣèwádìí a dé ojú ọjà ní òru, a gba orin náà sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé. Yóò mú ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú rẹ̀ fún àpilẹ̀kọ; ìyókù a di ti inú àpótí. Ohun tí ó wà ní gbangba kí ìmọ̀ ìwé tó dé ibẹ̀ ti wá di ohun ìkọ̀kọ̀ nípasẹ̀ ìmọ̀ ìwé. Èyí ni àbùkù tí a rí.

3. Àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tí ó ṣáájú

Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ nípa ìwádìí ní ẹkùn yìí kí a má bẹ̀rẹ̀ lórí A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Èkó. Ní 1975, nínú ìwé Yoruba Oral Tradition tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó kọ àpilẹ̀kọ kan láti fi hàn pé orin Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ orísun ìtàn fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Àkójọ àpilẹ̀kọ àpérò ni ìwé yẹn, gẹ́gẹ́ bí èyí tí òǹkàwé mú lọ́wọ́ yìí. Ní 1976, ìwé ńlá rẹ̀, Western Yorubaland under European Rule 1889–1945, jáde. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wé ti Faransé lórí àwọn ènìyàn kan náà tí ààlà 1889 pín sí méjì. Ó sì fi yé wa bí iṣẹ́ àfipáṣe àti ìfipá-kó-ènìyàn-ṣe-ọmọ-ogun ṣe lé ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìhà Faransé wá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì.

Oríyìn tọ́ sí iṣẹ́ yìí lọ́nà méjì. Ó ka ìwé ìjọba ní èdè méjèèjì, kò jẹ́ kí ààlà àwọn òyìnbó di ààlà ìwádìí. Ó sì gba orin gbọ́: ó gbé ẹnu akọrin sí ẹ̀gbẹ́ kálàmù ajẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí yìí gan-an ni ìṣòro tí ó kan gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì ajẹ́lẹ̀ ní nọ́ńbà. Bí a bá ń ṣiyèméjì nípa ohun tí òǹkọ̀wé kan rí nínú rẹ̀, a lè lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn tàbí ní Àjàṣẹ́, kí a béèrè fún un, kí a kà á fúnra wa. Orin kò ní nọ́ńbà. Inú iyè akọrin ni ó wà, tàbí inú téèpù ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Bí akọrin bá kú, tí téèpù sì bàjẹ́, àlàyé nìkan ni yóò kù. Bí a bá gbà lóòótọ́ pé orin jẹ́ orísun ìtàn, ó yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ tí a fún fáìlì: ibi tí a ń gbé e sí, àmì tí a fi ń dá a mọ̀, àti ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tún un yẹ̀ wò.

Ìhà kejì ni ti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà. Henry Drewal kọ̀wé lórí Ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1974. Ní 1983, òun àti Margaret Thompson Drewal gbé ìwé Gelede: Art and Female Power among the Yoruba jáde. Ní 1996, Babátúndé Lawal gbé The Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Spectacle: Art, Gender, and Social Harmony in an African Culture jáde. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ìwé náà pàápàá ti fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Agbára obìnrin, agbára àwọn ìyá wa, ni ìwé ti 1983 fi ṣe òpó ilé. Ìrẹ́pọ̀ àwùjọ ni ti 1996 gbé síwájú. Kì í ṣe ohun tí ó burú pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò sọ ohun kan náà. Àríyànjiyàn ni ó ń mú ìmọ̀ dàgbà. Ṣùgbọ́n kí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ayétòrò yóò fi ṣe ìdájọ́ láàrin àwọn méjèèjì? Bí a bá ní orin òru kan lódidi, láti orí ìjúbà dé orí orin ìdágbére, yóò lè ka iye orin tí ó kan àwọn ìyá, iye èyí tí ó kan ìjà àdúgbò, àti iye èyí tí ó jẹ́ àwàdà lásán. Ète àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí kọ́ ni láti tẹ òru kan lódidi jáde, a kò sì lè fi ohun tí wọn kò ṣèlérí dá wọn lẹ́bi. Àwa tí a dé lẹ́yìn wọn ni ẹ̀bi náà yóò wà lọ́rùn wa bí a kò bá ṣe é.

Ó tọ́ kí a fi kún un pé àwọn Drewal fi àwòrán wọn sí ibi tí ẹlòmíràn ti lè rí i, ní ilé ìpamọ́ àwòrán Smithsonian ní Washington. Èyí ni ìwà tí a ń fẹ́. Ohùn àwọn akọrin nílò irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó sì sún mọ́ Ìlaròó ju Washington lọ.

4. Àpẹẹrẹ kan láti oko ẹ̀gẹ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan wí pé irú ìṣípayá yìí kò ṣeé ṣe láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rí wà nítòsí pé ó ṣeé ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn ni ó ti wá. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ara ẹ̀gẹ́ mu ní ilẹ̀ Kóńgò, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Kòkòrò náà kò béèrè ìwé ìrìnnà ní Ìdìrókò. Àwọn aṣèwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó CIAT ní Kòlóńbíà. Ní Paraguay ni a ti rí agbọ́n kékeré tí ó ń yé ẹyin sára kòkòrò náà ní 1981. Wọ́n gbé e gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá fún àyẹ̀wò. Ọdún yẹn kan náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìgbà náà, agbọ́n yìí fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20 ní Áfíríkà, láìjẹ́ pé àgbẹ̀ kankan san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1995, a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé ibùdó kan kò lè dá a ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àwọn ti Kòlóńbíà bá ti fi ohun tí wọ́n rí pamọ́ kí orúkọ tiwọn nìkan lè là, ebi ìbá ti pa àwọn tí wọ́n gbára lé ẹ̀gẹ́. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbàgbé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

5. Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé awo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òtítọ́ ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun tí ojú ògbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, aṣèwádìí tí a sì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn kò gbọdọ̀ tà á lọ́jà nítorí oyè. Ṣùgbọ́n orin tí a ti kọ lójú ọjà kì í ṣe awo mọ́. Ìyàtọ̀ yìí ni kí a máa tọ́jú, kí á má fi ọ̀rọ̀ awo bo ìlọ́ra tiwa mọ́lẹ̀.

Àtakò kejì ni pé Ẹ̀fẹ̀ a máa dárúkọ ènìyàn. Ẹ̀sín òru kan ní ìlú ẹni kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹ̀sín tí a tẹ̀ sínú ìwé tí kò ní parẹ́ títí ayé. Àtakò yìí lágbára jù lójú wa. Ohun tí a lè ṣe ni kí a yọ orúkọ ẹni tí ó ṣì wà láàyè, kí a sì gba àṣẹ lọ́wọ́ akọrin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí a tó tẹ ohunkóhun jáde. Wọ́n lè kọ̀ fún wa. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Àtakò kẹta ni ti ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò fi orin tí a fi òru àti owó wa gbà sílẹ̀ gboyè. A kò fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú èyí, nítorí pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn wà lẹ́nu Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀: kí a fi pamọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ ọ, kí a sì kọ ọ́ síta nígbà tí ó bá gún. Bí iṣẹ́ bá ti jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó kọ orin, gbangba ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí àwọn méjèèjì.

6. Ìgúnlẹ̀

Ní 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ mú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dé iwájú UNESCO, a sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àtẹnudẹ́nu tí ó tayọ. Ní 2008 ni a kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé àìfojúrí. Àwọn ìjọba ti fi ẹnubodè sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa ọ̀mọ̀wé ni a kò tíì fi í sílẹ̀ tán: èdè Faransé ni ẹni tí ó wà ní Kétu fi ń kọ àlàyé tirẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ti ẹni tí ó wà ní Ìmẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni orin tí àwọn méjèèjì gbọ́. Kí orin náà kọ́kọ́ jáde ní Yorùbá lódidi. Ìtumọ̀ yòówù lè tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ dúró de ẹlòmíràn kí ó wá bá wa ṣe é. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ padà sí ìlú tí a ti gba orin náà, kí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ lè sọ fún wa ibi tí etí wa ti ṣì gbọ́.

Ẹni tí ó kọ iṣẹ́ yìí kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Orin Ẹ̀fẹ̀ òru kan wà nínú fóònù rẹ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kò sì tíì kọ ju ìlà mẹ́jọ lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́jọ yìí ti wúlò fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìyókù, àwọn tí wọ́n gbè é lójú ọjà ni wọ́n ni ín. Wọn yóò kọ́kọ́ rí i gbà, kí ó tó di ohun tí a ń jiyàn lé lórí ní yàrá yìí.