Tábúlẹ́ẹ̀tì Lọ́wọ́ Jordan

Ọwọ́ kan na tábúlẹ́ẹ̀tì sí Michael Jordan láti ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Jordan gbà á, ó tẹjú mọ́ ọn. Gary Payton ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Jordan figagbága nínú àṣekágbá líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA ọdún 1996. Ó ń ròyìn bí òun ṣe há a mọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà kò kúrò lójú Jordan. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba gbogbo ara rẹ̀, tí èjìká ń mì. Kó tó la ẹnu sọ pé Payton kò yọ òun lẹ́nu rárá, ojú rẹ̀ ti fèsì.

Inú The Last Dance ni èyí ti ṣẹlẹ̀, fíìmù alápá mẹ́wàá tí Jason Hehir darí, tí iléeṣẹ́ ESPN bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sáfẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́lé. Netflix ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa tó kù. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí fíìmù náà, Jordan ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé: ṣé òun ló mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá jù lọ, ṣé ó le jù mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ kí wọ́n jiyàn. Iṣẹ́ àwọn tó gé fọ́nrán náà tí wọ́n sì so ó pọ̀ ni èmi fẹ́ kí á fara balẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ohun èlò bẹ̀rẹ̀. Ní sáà 1997 sí 1998, ikọ̀ Jordan, Chicago Bulls, ti gba ife ẹ̀yẹ márùn-ún, wọ́n ń lé ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Andy Thompson, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tó ń ya fọ́nrán fún NBA, ló rò ó pé kí kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn jálẹ̀ sáà náà. Adam Silver, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka yẹn nígbà náà, bá Jordan ṣe àdéhùn pé ẹnì kan nínú wọn kò ní lo fọ́nrán náà láìjẹ́ pé ẹnì kejì fọwọ́ sí i. Báyìí ni kámẹ́rà ṣe bá wọn wọ yàrá ìmúra, ó bá wọn wọ ọkọ̀, ó bá wọn wọ bàálù. Nǹkan bíi wákàtí 500 ni wọ́n yà. Wọ́n kó o pamọ́, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Ohun tó jáde síta kò tó wákàtí mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ibòmíràn wá. Yíyọ kúrò ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan síso pọ̀.

Hehir kò sọ ìtàn náà láti ìgbà èwe dé ìgbẹ̀yìn. Sáà 1997 sí 1998 ni òpó tó fi gbogbo rẹ̀ tì. Ìlà kan tí a kọ ọdún sí máa ń sún lójú amóhùnmáwòrán, yóò fà wá padà sẹ́yìn, yóò tún dá wa padà. Ní 1984, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun, ọmọ Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ mú: Hakeem Olajuwon ni ikọ̀ Houston yàn sípò kìíní, ipò kẹta ni Jordan wà. Ibi tí wọ́n yàn láti fà wá sẹ́yìn gan-an ni ọgbọ́n náà wà. Ẹ wo apá kejì. Scottie Pippen, ẹgbẹ́ Jordan nínú ikọ̀ Bulls, sún iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú títí sáà fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Jordan sì sọ ọ́ lójú kámẹ́rà pé ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan ni. A kò tíì dá Pippen lẹ́bi tán tí wọ́n fi gbé wa lọ sí Hamburg ní ìpínlẹ̀ Arkansas, sínú ilé ọlọ́mọ méjìlá, níbi tí bàbá àti ẹ̀gbọ́n ti wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹni tó ti ilé yẹn jáde ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún méje fún mílíọ̀nù 18 dọ́là ní 1991. Ó fẹ́ kí oúnjẹ ilé dájú. Nígbà tí ìlà ọdún bá fi dá wa padà sí 1997, ẹ̀bi náà kò rọrùn láti dì ru ẹnikẹ́ni mọ́.

Tábúlẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Wọ́n á kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á gé ibi tó kan Jordan gẹ́lẹ́, wọ́n á gbé e lọ bá a. Kámẹ́rà á ti wà nílẹ̀, á ti dojú kọ ọ́, kí ó tó mọ ohun tó fẹ́ wò. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á dúró. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà: àwọn wọ̀nyí gbé ẹjọ́ ẹnì kan tọ ẹnì kejì lọ, wọ́n sì jẹ́ kí á máa wo bó ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Deloris, ka lẹ́tà tí ó kọ sílé láti yunifásítì, tó fi ń tọrọ owó àti sítáǹbù, ojú Jordan rọ̀ bí ojú ọmọdé. Nígbà tó kan Isiah Thomas, tó ń ṣàlàyé ìdí tí ikọ̀ rẹ̀, Detroit, fi kúrò lórí pápá ní 1991 láìbọ̀ àwọn Bulls lọ́wọ́, Jordan ti sọ kó tó wò ó pé kò sí ohun tí ọkùnrin náà lè wí tí òun yóò gbà gbọ́. Ohun èlò kan náà ló fa ìrísí méjèèjì yọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀rín tó rín sí Payton ni wọ́n mú wa dé ọjọ́ tí Bulls gba ife ẹ̀yẹ 1996. Àyájọ́ ọjọ́ àwọn bàbá ni. Wọ́n ti pa bàbá Jordan ní 1993. Ó dojú bolẹ̀ nílẹ̀ yàrá ìmúra, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún kíkan. Ẹni tó fi ẹ̀rín yẹn síwájú ẹkún yìí mọ ohun tó ń ṣe.

Ìparí apá keje ni mo máa ń padà sí jù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó le, à ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n wá bi Jordan bóyá líle yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn rí i bí ọmọlúàbí. Ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ìṣẹ́gun ní iye tí a ń san fún un. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ, àwòrán ìdánrawò àti ìdíje ń gba iwájú kọjá. Bí wọ́n bá sì ti padà sójú rẹ̀, omi tó wà níbẹ̀ á ti pọ̀ sí i. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ gbá a bẹ́ẹ̀, kó má gbá a bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ há. Ó ní kí wọ́n dá a dúró, ó sì ń dìde. Àwọn tó ń ya fíìmù ni ó ń bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, kì í ṣe àwa, ọ̀pọ̀ olóòtú ni ì bá sì gé e sọnù. Wọ́n fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni apá náà sì parí sí.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Nínú gbogbo ibi tí mo rántí, ọwọ́ Jordan ni tábúlẹ́ẹ̀tì ń dé, òun ló sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Iléeṣẹ́ rẹ̀, Jump 23, wà lára àwọn tó jọ ṣe fíìmù náà, àgbà oníṣẹ́ fíìmù nì, Ken Burns, sì sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Jerry Krause, alábòójútó ikọ̀ náà, tí Jordan àti Pippen ń bú nínú fíìmù, ti kú ní 2017. Inú fọ́nrán àtijọ́ nìkan ni a ti gbọ́ ohùn tirẹ̀. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn tẹ̀ sí apá kan.

Èyí ló mú mi ro Rashidi Yekini, tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ife àgbáyé wọlé ní 1994, tó di àwọ̀n mú tó ń ké. Ó kú ní Ìbàdàn ní 2012, kò sí ẹni tó lè na tábúlẹ́ẹ̀tì sí i mọ́. Finidi George, tó gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú rẹ̀, ṣì wà láàyè, púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn sì wà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ fíìmù wa, ẹ gbé kámẹ́rà, ẹ lọ bá wọn báyìí.