Ẹni Tí Ó Tọrọ Iná: Àtúnkà Ìwé A. I. Aṣíwájú Lórí Ilẹ̀ Tí Ààlà Pín

Àríyànjiyàn mẹ́ta kì í tán lẹ́nu àwa ará ilẹ̀ Kétu. Èkíní ni ti àlejò: ta ni ó yẹ kí ó dúró lórí ilẹ̀ wa, ta ni ó sì yẹ kí ó padà sí ibi tí ó ti wá? Èkejì ni ti àpò ìjọba: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ìrànlọ́wọ́ tí a fi owó gbogbo wa ṣe? Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀sìn: ǹjẹ́ ẹni tí ó wá láti ibòmíràn lè máa sin ohun tí ó ń sìn láàrin wa, kí ẹnikẹ́ni má dí i lọ́wọ́? Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ ni ohùn ń le sí i. A kò pinnu láti parí ìjà náà nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a tún ìwé kan kà, èyí tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀, kí a sì wo ibi tí ó ti ràn wá lọ́wọ́ àti ibi tí ó ti já wa jù sílẹ̀.

Ìwé náà ni Western Yorubaland under European Rule, 1889–1945, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ, tí ilé-iṣẹ́ Longman sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì di ìlú tí ààlà là sí méjì. Iṣẹ́ tí Aṣíwájú yàn fún ara rẹ̀ ni láti wo ọmọ ìyá kan náà lábẹ́ ọ̀gá méjì, kí ó lè mọ ohun tí ìjọba kọ̀ọ̀kan fi ṣe wọ́n.

Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù lọ ni ibi tí ó ti jẹ́ kí á rí i pé ìrìn a máa jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ìhà Faransé, owó-orí tí a ń bu lé orí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní 1899. Iṣẹ́ àfipáṣe wà lójú ọ̀nà. Òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat fún alákòóso ní agbára láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé iwájú adájọ́. Òfin ọdún 1912 tún fún ìjọba láṣẹ láti fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun, nígbà tí ogun 1914 sì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ìjọba túbọ̀ le. Àwọn Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà. Ọ̀pọ̀ ará Kétu ní tiwọn kò gbé nǹkan kan bí kò ṣe ẹrù wọn: wọ́n kó ìyàwó àti ọmọ, wọ́n kọjá sí ìhà Ìmẹ̀kọ. Lójú alákòóso, ìsáǹsá ni wọ́n. Aṣíwájú kọ̀ láti gba orúkọ yẹn; ó ní àtakò ni. Ẹni tí kò ní aṣojú, tí kò sì lè dìbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè fi sọ pé òun kò gbà.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àlejò ti so mọ́ ọ̀rọ̀ àpò ìjọba. Kì í ṣe ahun ni ó lé àwọn baba wa kúrò nílé. Wọ́n rí i pé ohun tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀, ohun tí ó ń padà bọ̀ kò sì tó nǹkan. Kì í sì í ṣe pé òdìkejì jẹ́ párádísè: ní ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde ogun sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe kan náà. Ṣùgbọ́n ìyà a máa ju ìyà lọ, ẹni tí ó ru ẹrù ni ó sì mọ bí ó ti wúwo tó.

Síbẹ̀, a ní ohun kan tí a fi bá ìwé náà wí. Ìjọba méjì ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí náà ìjọba méjì ni ó gba ojú ìwé. Ìdí tí a fi sá hàn kedere. Ìdí tí a fi gbà wá kò hàn tó bẹ́ẹ̀. A mọ ohun tí Faransé ń gbà lọ́wọ́ baálé kan. Ẹni tí ó ya ilẹ̀ oko fún ìdílé tí ó dé lóru, ẹni tí ó fún wọn ní ẹ̀bù iṣu, ẹni tí ó sọ fún ìlú pé ‘ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà’, ẹ̀gbẹ́ ìtàn ni ó dúró sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ṣe òṣèlú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kàn án ti ṣe.

Àṣìpa yìí kò kéré. Ẹni tí ó bá ka ìdajì ìtàn lè fi ìgboyà àwọn baba wa yangàn lówùúrọ̀, kí ó sì máa lé àlejò lálẹ́. A kò sì ní láti lọ jìnnà kí a tó rí bí ó ti rí fún ẹni tí a lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, wọ́n dojú kọ àwọn ọmọ Dàhòmì ní Abidjan. Ní ìparí ọdún 1963, ìjọba Niger ní kí wọ́n máa lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì wà láàrin wọn. Ní 1983, ó kan Nàìjíríà láti lé ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àdéhùn CEDEAO lórí ìrìn fàlàlà ti wà láti 1979. Nígbà tí Nàìjíríà tún ti ibodè ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ó tó ṣí mẹ́rin padà, Sèmè nìkan ni ó sì bá ilẹ̀ wa pààlà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀sùn kan náà ni a máa ń gbọ́ níbi gbogbo: àlejò ń gba iṣẹ́, àlejò ń jẹ ọrọ̀ wa.

Kétu ní ìtàn tí ó lè dí àlàfo tí ìwé náà fi sílẹ̀. Ìtàn ẹnu sọ pé nígbà tí Ọba Ede àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ibi tí ìlú wà lónìí, wọ́n bá obìnrin àgbàlagbà kan níbẹ̀, Yá Mefu, tí ìtàn pè ní ọmọ Fọ̀n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti tọrọ iná. Àlejò ni ó dá ìlú wa sílẹ̀, ẹni tí kì í ṣe èdè wa ni ó sì fún un ní iná ìdáná àkọ́kọ́. Pé Dàhòmì wá fọ́ Kétu ní 1886 kò pa ìtàn náà rẹ́. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́. Bákan náà ni ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ìtàn kan ní ọmọ ọba Kétu tí arákùnrin rẹ̀ fẹ́ pa ni ó sá lọ sí Ìlóbì, tí ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó di eégún náà. Ká ní Ìlóbì gba ọmọ ọba náà, kí wọ́n sì fi òfin de ohun tí ó ń sìn, kí ni à bá máa jó lónìí? Ilẹ̀, iná àti ẹ̀sìn kò yàtọ̀ sí ara wọn nínú ìgbàlejò àwọn baba wa.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ìgbà àtijọ́ di oyin. Àlejò kì í wọ ìlú láìsí onílé tí yóò dúró fún un. Ó ń dá oko, kò lè ta ilẹ̀. Ó ní láti mọ èèwọ̀ ìlú, kí ó sì jáde síbi iṣẹ́ ìlú. Àgbẹ̀ tí màlúù jẹ àgbàdo rẹ̀ ní ẹjọ́ tí ó tọ́ kí a gbọ́. Àwọn àgbà ní àlejò tí ó bá jọ òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀: a kì í gba gbogbo ènìyàn bákan náà. Ìyàtọ̀ wà láàrin kí a bi àlejò léèrè ìwà rẹ̀ àti kí a bi í léèrè ìran rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa ti gba ọ̀nà yẹn. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, abala 23 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀sìn. Ilẹ̀ tí ó rí bí ìjọba àsìkò ìyípadà ṣe gbógun ti àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́ láàrin ọdún 1970 sí 1980, tí ó sì ní láti dúró di òfin ọdún 1997 kí 10 oṣù kìíní tó di ọjọ́ ìsinmi àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀, mọ ìwúlò abala náà. Abala 39 ní kí àjèjì ní ẹ̀tọ́ àti òmìnira kan náà pẹ̀lú ọmọ onílùú, bí òfin bá ti là á sílẹ̀. Abala 40 tún pàṣẹ pé kí a fi àwọn èdè orílẹ̀-èdè kọ́ àwọn ará ìlú ní òfin yìí. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ mọ bí ó ti jìnnà sí wa tó: ọmọ tí a bí ní òdìkejì ààlà lè mọ ìwé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí àìsí ìwé ìbí sì dá a dúró níwájú ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ ka ìwé Aṣíwájú, ìwé ńlá ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ ìdajì kejì rẹ̀. Ọdún 1946 ni iṣẹ́ àfipáṣe dópin lábẹ́ òfin. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti tó ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ lọ sí Ìmẹ̀kọ, ẹ lọ sí Ìlárá ní ìhà méjèèjì, ẹ bi àwọn ìdílé léèrè ẹni tí ó gba àwọn ènìyàn wọn sílé, ibi tí ó ní kí wọ́n dá oko sí, àti òrìṣà tí wọ́n gbé dání dé ibẹ̀. Ẹ kọ orúkọ olùgbàlejò náà sílẹ̀.