Dì àti Di: Ọ̀rọ̀-Ìṣe nínú Ìkọ́ni Kẹ́mísìrì fún Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ní 1970, lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí nínú àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí Yorùbá ṣe la sáyẹ́ǹsì yé wọn kì í sábà jẹ́ kókó ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Àléébù kan náà hàn nínú ìṣẹ̀dá èdè-ìperí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń gba àkókò jù: kí ni orúkọ ásíìdì, kí ni orúkọ ọ́síjìn? Ọ́síjìn ṣeé yá lò láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìyípadà ni kẹ́mísìrì ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ń sọ ìyípadà.

Yorùbá kò ṣe aláìní níhìn-ín. Bí ọyẹ́ bá mú, àdín inú ìgò á dì; àdín náà ni síbẹ̀, ooru díẹ̀ yóò sì tún un yọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú bá po àdín mọ́ omi eérú èèpo kòkó, tí wọ́n gbé e kaná, tí wọ́n rò ó títí, àdín á di ọṣẹ. Kò sí ooru tí ó lè dá a padà. (Olùkọ́ ni kí ó fọwọ́ kan omi eérú náà, ó lè jó ọmọ lára.) Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya *dì* sọ́tọ̀ kúrò lára *di*, ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ èyí tí ìwé kẹ́mísìrì ń fi ojú-ewé púpọ̀ ṣàlàyé. Kò ṣeé sọ di òfin ṣá: omi pẹ̀lú máa ń di yìnyín, yìnyín a sì padà di omi. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó máa tẹ̀lé *di* nínú kíláàsì ni: ṣé ó lè padà?

Ibi tí èdè ti da nǹkan méjì pọ̀ ni *yọ́*. Òrí a máa yọ́ nínú oòrùn, iyọ̀ a máa yọ́ nínú omi. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún wọn, òótọ́ ni; síbẹ̀ àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn pàápàá máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Orúkọ tuntun nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí olùkọ́ gbé iyọ̀ gbígbẹ ka iná ìdáná lójú àwọn ọmọ: kò ní yọ́, nítorí ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 801 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó yọ́. Bí ó bá tutù, kí wọ́n bu omi sí i, yóò yọ́. Kí wọ́n gbé omi náà sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, iyọ̀ á tún hàn ní ìsàlẹ̀ àwo. Ìgbà náà ni *yọ́* ti omi àti *yọ́* ti ooru yóò di nǹkan méjì lójú ọmọ, kí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí tó pinnu orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́.