Ẹ Má Fo Òpómúléró

Púpọ̀ nínú wa ló máa ń fo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Àmì ilé-iṣẹ́ kan ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, orin ń dún, ọwọ́ ti ń kán wa pé kí ìtàn bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bá a bá fẹ́ mọ irú ẹ̀dà tá à ń wò, àti ẹni tó ni ín, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ sọ́fíwíà ni mo ń ṣe, ní Dàda Estate l'Óṣogbo níbí. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gba orúkọ fáìlì gbọ́, torí ẹnikẹ́ni lè yí orúkọ padà. Inú fáìlì fúnra rẹ̀ là ń wò, láti ìbẹ̀rẹ̀: PDF máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Irú iṣẹ́ yẹn ni àmì iwájú ń ṣe fún fíìmù.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Mainframe ni ilé-iṣẹ́ Kèlání ń jẹ́. Lójú àwa oníkọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ràgàjì tí báńkì ń lò nìyẹn. Àmọ́ Òpómúléró ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá, òpó tó mú ilé ró. Oríkì ìdílé kan náà sì ni. Àmì yẹn ń sọ ilé tí fíìmù náà ti wá.

Ká ní ẹ rí ẹ̀dà Ṣaworoidẹ kan tí wọ́n polówó Agogo Èèwọ̀ níwájú rẹ̀. 2002 ni Agogo Èèwọ̀ jáde, torí náà ẹ̀dà yẹn kò lè jẹ́ ti 1999. Bí àmì ilé-iṣẹ́ bá tún yọ láàárín fíìmù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú VCD méjì ni wọ́n ti kó o jọ, torí VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ. Bí ìlà bá ń gbọ̀n nísàlẹ̀ àwòrán, kásẹ́ẹ̀tì VHS ni wọ́n dà á kọ láti inú rẹ̀. Bí àmì náà bá fẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀, tójú àwọn òṣèré náà sì fẹ̀, wọ́n ti fa àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Star Wars mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà ní 2015, àmì 20th Century Fox kúrò níwájú márùn-ún. Disney ti ra Lucasfilm. Ti 1977 nìkan ló ṣì wà lọ́wọ́ Fox, òun nìkan ló sì mú àmì náà dání. Ẹni tó bá wo àmì yóò mọ ibi tí owó ń lọ.

Òótọ́ ni pé àmì lè parọ́. Ẹnikẹ́ni lè lẹ àmì tòótọ́ mọ́ ẹ̀dà tí wọ́n ti gé inú rẹ̀, torí náà ẹ wo gígùn fíìmù pẹ̀lú. Òótọ́ tún ni pé ẹ̀dà olè nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìsìnyí rí wò. Mi ò ní bú wọn. Àmọ́ wíwò yàtọ̀ sí gígé orúkọ onínǹkan kúrò.

Ẹ rántí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, fíìmù Kèlání ti 1993. Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé tí gbogbo wa mọ̀, ló ṣe Olóyè Asíyanbí, ẹni tó lẹ̀dí àpò pọ̀ láti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Inú ẹgbẹ́ eléré Oyin Adéjọbí, l'Óṣogbo wa yìí, ni Bàbá Wándé ti gbajúmọ̀. Ẹni tó bá gé orí irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tó lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ igun rẹ̀, tó wá ń gbowó ìpolówó lórí rẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí Asíyanbí? Ọmọ tó bá wò ó lọ́la á rò pé òun ló ni ín. Kò ní mọ̀ pé Òpómúléró kankan wà, áḿbọ̀sìbọ́sí pé Òṣogbo wà nínú ìtàn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ wo àwọn VCD tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìyá yín. Bẹ́ ẹ bá máa dà á kọ pa mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, tìpolówó tàmì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé VCD ni, àti àmì tó wà níwájú rẹ̀.